Bẹ́líìtì, Àwọ̀n àti Àpótí Búùtù: Èyí Tó Tó Owó Rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ohun mẹ́ta ni àwọn tó ń ta èlò ọkọ̀ ní Takie, Ògbómọ̀ṣọ́, sábà máa ń gbé síwájú ẹni tí ẹrù rẹ̀ ń yí kiri nínú búùtù: àwọ̀n onírọ́bà tí a ń nà bo ẹrù, àpótí aláṣọ tí ó ṣeé ká, àti bẹ́líìtì ìdẹrù tí ó ní irin kékeré tí a fi ń fún un le. Mo ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú Sienna tí a fi ń kó láfún àti epo pupa lọ sí Ọ̀yọ́, bẹ́líìtì nìkan sì ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún.

Poliẹ́sítà tí a hun ni bẹ́líìtì náà, kì í nà bíi rọ́bà, òjò kì í sì í sọ ọ́ di dídẹ̀. A óò fi ìkọ́ rẹ̀ há irin tó wà nílẹ̀ ọkọ̀ (ní àwọn Sienna tí àga ẹ̀yìn wọn ṣeé yọ, ibi tí ẹsẹ̀ àga ń há sí wúlò gan-an), a óò wá máa gbé irin kékeré náà sókè-sódò títí ẹrù yóò fi dúró gbọin-gbọin. Kẹ́ẹ̀gì àti àpò tó wúwo jù ló yẹ kó wà nílẹ̀, kí wọ́n fara ti ẹ̀yìn àga, kí bẹ́líìtì tó gba orí wọn kọjá. Epo inú kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 kan súnmọ́ kìló 23, bí awakọ̀ bá sì tẹ bíréèkì lójijì, ọ̀dọ̀ àwọn èrò ni kẹ́ẹ̀gì náà yóò dorí kọ. Agbára tí ó ní nígbà tí ọkọ̀ ń sáré kìlómítà 80 ní wákàtí kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti kìlómítà 40, kì í ṣe ìlọ́po méjì.

Kò ṣàìní àléébù. Eruku máa ń di irin rẹ̀ pa, tí yóò fi ṣòro láti tú, àfi kí a kán epo maṣíìnì ìránṣọ díẹ̀ sí i. Àpò láfún náà máa ń fún pọ̀ lójú ọ̀nà, nítorí náà ó yẹ kí a dúró níwájú díẹ̀ kí a tún un fún. Àkọlé tí wọ́n rán mọ́ bẹ́líìtì tó dára máa ń ní iye méjì: èyí tó tóbi ni ìwọ̀n tí yóò já a, èyí tó kéré, tí ó sábà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, ni a lè gbẹ́kẹ̀ lé. Èyí tó tóbi ni àwọn ọlọ́jà kan máa ń pariwo.

Àwọ̀n dára fún búrẹ́dì àti apẹ̀rẹ̀ máńgòrò, ṣùgbọ́n ìkọ́ ike rẹ̀ kò lè dá kẹ́ẹ̀gì dúró, oòrùn sì ń jẹ rọ́bà rẹ̀. Ní ti àpótí, páálí ọjà ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ẹni tó bá fẹ́ ra bẹ́líìtì ní kí ọlọ́jà fún un le, kí ó sì tú u lójú òun kó tó sanwó, nítorí irin tó bá ti ń há nínú ṣọ́ọ̀bù kò ní tú bọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà.