Iná Kérésìmesì Tó Ń Bá Orin Jó: Kọntírólà Wo, Páwà Wo Lẹ Fẹ́ Rà?

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń so iná Kérésìmesì tó ń bá orin jó síwájú ilé wa ní Houston. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá yà kí wa kì í béèrè orin. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n rà?" Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ gílóòbù fi àkókò yín ṣòfò, WS2811, èyí tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan lè tan àwọ̀ tirẹ̀, ni gbogbo wa ń rà. Kọntírólà, tó ń sọ ìgbà àti àwọ̀ tí gílóòbù máa tàn, àti páwà, tó ń fún wọn níná, ló ń jẹ èèyàn lówó.

Kọntírólà: oníWi-Fi tàbí olókùn

Pátákó kékeré ni oníWi-Fi, bíi ESPixelStick tàbí èyí tí wọ́n gbé sọ́fítíwíà WLED sí. Ọ̀fẹ́ ni WLED, orí fóònù lẹ ó ti máa darí rẹ̀, owó pátákó náà ò sì tó nǹkan. Bí iná yín bá kàn ń pa àwọ̀ dà láìbá orin rìn, ẹ rà á, ẹ lọ sùn. Ìgbà tí orin bá wọ̀ ọ́ ni wàhálà dé. Lọ́dún kìíní mi, Wi-Fi ló gbé igi inú ọgbà, okùn nẹ́tíwọ̀kì ló gbé òrùlé. Tó bá dalẹ́, tí gbogbo àdúgbò ti wọlé tí wọ́n ti tan tẹlifíṣọ̀n, òrùlé á ti ṣe àmín, igi á ṣì máa gbàdúrà lọ.

Olókùn ni Falcon F16, tó ní ihò 16 tí wọ́n ń so iná mọ́. Olókùn náà ni Kulp tó jókòó lórí BeagleBone: FPP, sọ́fítíwíà tó ń gbé orin àti iná pa pọ̀, wà nínú rẹ̀, ó lè gbé gbogbo eré náà fúnra rẹ̀ láìsí kọ̀ǹpútà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n wọ́n o. Ṣùgbọ́n igi àti òrùlé mi ti ń ṣe àmín pa pọ̀.

Páwà

Ibí ni owó mi ti jóná. Lọ́dún kejì, mo ra páwà olówó pọ́ọ́kú kan tí kò lórúkọ. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sí i lára: wáàtì 350, fólítì 5, ámpíà 70. Mo ṣírò ó. Gílóòbù oní-fólítì 5 kan, tó bá tàn funfun tán pátápátá, ń jẹ nǹkan bí ámpíà 0.06. Gílóòbù 500, ámpíà 30. Mo ní kò tíì dé ìdajì.

Alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, ọkọ̀ ti tò sójú títì, orin dé ibi tí gbogbo òrùlé ti yẹ kó funfun. Apá ọ̀tún funfun lóòótọ́. Àárín rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n, ìpẹ̀kun rẹ̀ pupa bí epo. Ọmọ mi ní, "Dádì, ó rẹwà o!"

Gílóòbù ni mo kọ́kọ́ fẹ̀sùn kàn. Mo ra tuntun, mo gun àkàsọ̀ nínú òtútù, òrùlé tún pupa. Ìgbà tí mo fi mítà kan ẹnu páwà fúnra rẹ̀ ni mo tó rí i: fólítì 4.1, dípò 5. Búlúù àti àwọ̀ ewé inú gílóòbù ń fẹ́ nǹkan bíi fólítì 3 kí wọ́n tó tàn, pupa ò fẹ́ ju bíi 2 lọ. Bí agbára bá ti ń rẹlẹ̀ lójú wáyà, àwọn méjì yẹn ló ń kọ́kọ́ sùn. Páwà tó pe ara rẹ̀ ní 350 ò lè gbé 150. Lọ́jọ́ kẹta ó rùn, ó kú. Òun la fi ń dá ilẹ̀kùn gáréèjì dúró báyìí.

Mean Well LRS-350 ló rọ́pò rẹ̀. Lóòótọ́, 350 wà nínú orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n lára oní-fólítì 5, ámpíà 60 ni wọ́n kọ, ìyẹn wáàtì 300 péré. Ẹni tó lè kọ iye tó kéré sí orúkọ ọjà ara rẹ̀, mo lè kówó fún un. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sí Èkó, súwíìsì kékeré kan wà lára rẹ̀, 115 àti 230. Ẹ tì í sí 230 kẹ́ ẹ tó kì í bọ sókẹ́ẹ̀tì.

Fólítì 5 tàbí 12

Oní-5 kì í jẹná: gílóòbù 100 ń jẹ wáàtì 30, oní-12 lè jẹ 72, tí èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ á di ooru lásán. Ṣùgbọ́n tí fólítì 1 bá sọnù lójú wáyà, ìdá kan nínú márùn-ún ló lọ lára 5. Lára 12, ìdá kan nínú méjìlá ni. Ẹ rántí òrùlé elépo.

Òjò: àpótí tí omi ò lè wọ̀. Sókẹ́ẹ̀tì: tó bá jẹ́ ti ámpíà 15 níbí, ẹ má kó ju wáàtì 1440 lé e.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, kálukú ló ní àyè tirẹ̀. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lè fi Wi-Fi kan àti gílóòbù 100 oní-fólítì 5 ṣeré. Okùn àti fólítì 12 ló wà lórí ilé tèmi báyìí, páwà méjì ni mo sì fi gbé ohun tí ẹyọ kan ì bá gbé. Tówó bá fẹ́ kù díẹ̀ káàtó, ara kọntírólà ni kẹ́ ẹ ti yọ ọ́.