Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá oníwáyà kan lọ́nà Wándó: ìrì ò ráyè awò mi mọ́

Kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò ráyè ìwé gígùn lè tètè bá tiyín lọ: iṣẹ́ tí wọ́n bá mi ṣe dáa, owó tí mo san ò dùn mí, mo fún wọn ní 4 nínú 5, ẹyọ kan tó kù yẹn ẹ máa rí ìdí ẹ̀ níwájú. Torí ìrì ni mo ṣe gbé télískóòpù mi, awò tí mo fi ń wo ìràwọ̀, lọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá bi mí lónìí, wáyà tí wọ́n bá mi tò ni mo máa kọ́kọ́ dárúkọ, torí ìrì lè fi mí sílẹ̀ lálẹ́ míì, wáyà ní tiẹ̀ kì í fún mi nísinmi rárá.

Télískóòpù mi jẹ́ onítúbù kúkurú tí wọ́n ń pè ní Schmidt-Cassegrain, ẹnu ẹ̀ jẹ́ 8 ínṣì, ìyẹn bíi 203 mílímítà. Irú ẹ̀ ti wà lọ́jà látọdún 1970 tí Celestron gbé C8 jáde, kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Níwájú ẹ̀ pátápátá dígí pẹlẹbẹ kan wà tó ń tún ìmọ́lẹ̀ ṣe kó tó dé ọ̀dọ̀ dígí ńlá tó wà ní ìdí túbù, dígí iwájú yẹn gan-an sì lẹlẹ́bi. Ojú ọ̀run ló ń wò ní tààrà, nǹkan kan ò bò ó, gbogbo ìgbóná ara ẹ̀ á máa fò lọ sókè títí á fi tutù ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ, tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, omi tó wà nínú afẹ́fẹ́ á wá jókòó sórí ẹ̀. Nǹkan tó ń jẹ́ kí ìjókòó alùpùpù àti páànù orí ilé tutù rinrin láàárọ̀ náà nìyẹn.

Ẹ wá wo àwa ará Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo, tí ọ̀sà wà lẹ́bàá ilé wa. Tí afẹ́fẹ́ bá wà ní 27°C, tí ọ̀rinrin inú ẹ̀ jẹ́ 85%, kí dígí yẹn ṣáà ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi 24°C, ìrì ti dé nìyẹn. Tó bá wá jẹ́ 90%, bóyá ni á fi tutù tó ìwọ̀n 2 kó tó ṣú. Ìwọ̀n 2! Ẹni tó wà ní Ṣábẹ̀ẹ́ lókè lọ́hùn-ún nígbà ọyẹ́ lè máà mọ nǹkan tí mò ń sọ, afẹ́fẹ́ tiwọn gbẹ, eruku ni wọ́n máa bá jà. Àwa níbí, kí òjò ọ̀sán dá, kí ojú ọ̀run mọ́ lálẹ́, kí inú èèyàn máa dùn pé òun ti ríṣẹ́ ṣe, kí ó tó di aago mẹ́wàá gbogbo ìràwọ̀ á ti di funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi pé kùrukùru bọ́ sílẹ̀, ojú ọ̀run ṣì mọ́ o, dígí ló ti kún fún omi.

Gbogbo ọgbọ́n táwọn èèyàn ń dá ni mo ti dá. Mo gé fóòmù ìdùbúlẹ̀, mo ká a yí ẹnu túbù, kó gùn tó ìlọ́po kan àbọ̀ ẹnu ẹ̀ bí àwọn àgbà iṣẹ́ ṣe máa ń sọ, ó ń ṣiṣẹ́ dé ààyè kan, ó ń dá ìrì dúró díẹ̀ ni, kò lè lé e lọ. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ irun ní sálúùnù náà ń gbẹ dígí, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti pa á, ìrì tún ń bọ̀, tí kúráǹ bá sì lọ, ó parí. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi aṣọ nù ún o, ẹ jọ̀ọ́, eruku tó wà lórí ẹ̀ á fá àwọ̀ tín-ín-rín tí wọ́n kùn sára dígí, ìyẹn ò ní àtúnṣe nílé. Bẹ́líìtì agbóná tí wọ́n ń wé mọ́ túbù látìta ni mo wá ń lò. Ó dáa ju àwọn tó kù lọ. Àmọ́ irin túbù ló kọ́kọ́ ń gbóná, díẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù ló ń kan dígí, bẹ́líìtì fúnra ẹ̀ á tún máa yọ̀ wálẹ̀, wáyà ẹ̀ á máa fì lábẹ́.

Wáyà yẹn, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ẹ̀. Ọ̀kan ń gbé kúráǹ lọ sídìí awò tó ń yí fúnra ẹ̀, ọ̀kan ń lọ sí bẹ́líìtì, ọ̀kan ń fún kámẹ́rà ní kúráǹ, ọ̀kan ń gbé àwòrán lọ sínú kọ̀ǹpútà, gbogbo wọn lọ́ mọ́ra wọn bí ìfun adìyẹ. Awò mi kì í jókòó sójú kan, ó ń yí tọ ìràwọ̀ lẹ́yìn, tí mo bá ní kó kúrò níhà gúúsù kó lọ síhà ìlà oòrùn, á yí, wáyà kan á há sábẹ́ ìdè, á fà, orí wáyà á yọ, kúráǹ á já, awò á sì gbàgbé ibi tó wà, ni màá tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, màá tún máa wá ìràwọ̀ mẹ́ta tí màá fi júwe ọ̀nà fún un. Ìyàwó mi ní òun ò mọ̀ pé èèyàn lè máa bú wáyà lórúkọ.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kàwé ní IMSP, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣirò àti físíìsì tó wà ní Dangbo, ló júwe ṣọ́ọ̀bù yìí fún mi. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù awò o, kò sí irú ẹ̀ tí mo mọ̀ nílùú yìí. Àwọn tó ń tún áńpù ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́ṣáláṣí ṣe ni, wọ́n ń tún ẹ̀rọ sólà ṣe, áńpù tó ti jóná kún ilẹ̀ débi pé ẹ máa wá ibi tẹ́ ẹ máa fẹsẹ̀ sí. Mo kọ́kọ́ gbé túbù nìkan lọ, mo gbé e ka itan lórí zẹ́mì, ọ̀kadà tiwa níbí, ẹ má dán an wò. Ọ̀gá náà ò tíì rí télískóòpù rí, ó sọ ọ́ fún mi láìtijú, ó wo ẹnu ẹ̀, ó gbọ́ gbogbo àlàyé mi tán, ó wá bi mí pé, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ kó gbóná ni, àbí ẹ fẹ́ kó má ṣáà tutù?"

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ni mo wá. Nǹkan tí ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń tà á ò mọ̀ nìyẹn, kí dígí ṣáà fi ìwọ̀n 1 tàbí 2 ju ibi tí ìrì ti ń ṣẹ̀ lọ, ó tó. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kó gbóná jù, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gbọ̀n nínú túbù, Jupiter á máa jó lójú yín, ẹ ò ní rí ìlà ara ẹ̀ mọ́.

Nǹkan tó ṣe rèé. Òrùka ike tó di dígí mú níwájú, ó fi àlùmíníọ̀mù gé irú ẹ̀, ó wá to rẹsísítọ̀ 30, nǹkan kékeré tó máa ń gbóná tí kúráǹ bá gbà á kọjá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 330 ohm, sẹ́yìn ẹ̀ yípo, ẹ̀gbẹ́ kan gbogbo wọn wà lórí wáyà kan, ẹ̀gbẹ́ kejì lórí wáyà kejì, ó fi òjé jó wọn pọ̀, ó fi téèpù tí iná kì í yọ́ bò wọ́n. Ẹ ṣírò ẹ̀: gbogbo ẹ̀ pọ̀ di 11 ohm, tí bátìrì bá jẹ́ 12 volt, ampere 1 àti díẹ̀ ló ń jẹ, bíi watt 13 nígbà tó bá ṣí tán. Ó kọ́kọ́ fẹ́ lo rẹsísítọ̀ kéékèèké olójú ìdajì watt, mo ní rárá o, nǹkan bíi 0.44 watt ni ọ̀kọ̀ọ̀kan á máa gbé, ìyẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún fún un, kó lo ti watt 1. Kò jiyàn. Ó ní owó ẹ̀ máa lé díẹ̀, mo ní kó lé.

Ìkìlọ̀ kan fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú ẹ̀, ibi yòówù kẹ́ ẹ gbé e lọ: dígí iwájú yẹn ò gbọdọ̀ yí. Ibi tí wọ́n fi í sí ní fákitírì ló gbọdọ̀ wà, bó bá yí díẹ̀, ìràwọ̀ lè má ṣe ṣóńṣó mọ́. Kí túbù nàró, kó kọjú sókè, kẹ́ ẹ fi téèpù pélébé sàmì sí dígí àti ara túbù kí wọ́n tó tú ìdè kankan. Èmi fúnra mi ló dúró tì wọ́n. Síbẹ̀ náà, ọmọ iṣẹ́ kan fi àtàǹpàkò tẹ etí dígí mi, ó ṣì wà níbẹ̀ dòní. Kò hàn nínú àwòrán, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Agbára tó ń ṣí tó ń pa òrùka náà wà nínú àpótí ike kékeré lábẹ́ túbù. Arduino kékeré kan, ìyẹn pátákó kọ̀ǹpútà pínníṣín, ló wà nínú ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ kan ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe gbóná àti ọ̀rinrin tó wà nínú ẹ̀, èkejì lẹ̀ mọ́ òrùka, àpótí á ṣírò ibi tí ìrì ti máa ṣẹ̀, á wá máa ṣí kúráǹ á máa pa á wìrìwìrì kí òrùka má bàa wálẹ̀ dé ibẹ̀. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, kò jẹ kúráǹ rárá. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé ṣíṣí-pípa yẹn kọ́kọ́ ń fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ sínú àwòrán kámẹ́rà mi, mo gbé e padà, ó ya wáyà kámẹ́rà sọ́tọ̀, ó fi kàpásítọ̀ kan, nǹkan tó ń jẹ́ kí kúráǹ máa lọ geere, sí i, ìlà lọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi fún ìyẹn.

Wàyí o, wáyà. Àpótí yẹn kan náà ló sọ di ojúko kúráǹ. Wáyà ẹyọ kan ló ń ti ìdí bátìrì gòkè wá, ó sì gbé e gba ẹ̀gbẹ́ ibi tí awò ti ń yí gan-an kó má bàa máa fà, àwọn wáyà tó kù kúkurú ni gbogbo wọn, láti àpótí sí òrùka, láti àpótí sí kámẹ́rà, wọn ò kúrò lára túbù. Ó gé ike gbọọrọ táwọn oníná fi ń bo wáyà lára ògiri, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ túbù, wáyà wọ inú ẹ̀ lọ, ó tán. Ìdí òrùka, ó fi irú orí wáyà aláwọ̀ pupa àti funfun tá a mọ̀ lára DVD sí i, ìyẹn RCA, orí kan náà tí ọ̀pọ̀ bẹ́líìtì agbóná òkè òkun ń lò, kí n lè fi tàtijọ́ bọ̀ ọ́ tí èyí bá bàjẹ́ lóru.

Ó tún yọ wáyà tín-ín-rín tó bá awò wá. Ó wọn kúráǹ ní ìdí bátìrì, ó wọ̀n ọ́n ní ìdí awò, ó ní kí n wo bó ṣe dín. Wáyà 0.5 mílímítà onígun mẹ́rin tó gùn tó mítà 3, tí ampere 3 bá ń gbà á kọjá, ó ń jẹ nǹkan bíi 0.6 volt lójú ọ̀nà. Ó fi 2.5 rọ́pò ẹ̀, ó wálẹ̀ sí nǹkan bíi 0.13. Àṣé ìdí tí awò mi fi máa ń ṣì ọ̀nà nígbà tí mọ́tò ẹ̀ bá fẹ́ yára nìyẹn! Ó sì fi fíúsì ampere 5 sí ìdí bátìrì láìjẹ́ pé mo sọ, ẹni tó bá mọ bí bátìrì ṣe ń jóná á mọ̀ pé èyí ju ẹ̀ṣọ́ lọ.

Mo dán an wò lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìjókòó alùpùpù àládùúgbò ń kán tótótó, tábìlì mi tutù, dígí gbẹ. Mo wo Omega Centauri, àkójọ ìràwọ̀ tí ọ̀pọ̀ àwọn ará Faransé ò lè rí láti ilé wọn, tí tiwa níbí ń gòkè tó ìwọ̀n 36 níhà gúúsù, mo ní kí awò yí lọ síhà kejì, ó yí, nǹkan kan ò fà, nǹkan kan ò já. Mo tún yí i padà, ìgbádùn ni mo fi ń ṣe é.

Ẹyọ kan tí mo yọ: iná búlúù! Mi ò mọ ẹni tó sọ fáwọn oníwáyà wa pé gbogbo àpótí gbọ́dọ̀ ní iná búlúù. Ojú èèyàn ń gbà tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kó tó mọ òkùnkùn dáadáa, iná yẹn ń ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan. Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní "ó rẹwà". Mo lẹ téèpù dúdú mọ́ ọn. Ìkejì ni ọ̀la, ọ̀la wọn, ẹ má gbé iṣẹ́ lọ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ máa lò ó. Ìkẹta, awò kékeré tí mo fi ń wá ọ̀nà ṣì ń mu ìrì, wọ́n fi ihò kúráǹ kan sílẹ̀ fún un nínú àpótí ṣùgbọ́n wọn ò tíì ṣe òrùka tiẹ̀.

Ogójì ẹgbẹ̀rún sẹ́fà ni mo san, èmi ni mo sì mú Arduino àti sẹ́ńsọ̀ wá látilé. Ẹ lè ra òrùka tó ti ṣe tán látòkè òkun, ó wà, ó sì dáa, àmọ́ ẹ máa san owó dúwánì, wáyà yín á sì wà bó ṣe wà. Tẹ́ ẹ bá máa lọ, ẹ sọ fún un látìbẹ̀rẹ̀ pé iná pupa kékeré lẹ fẹ́ tàbí kó má fi iná kankan sí i, kẹ́ ẹ sì jókòó tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń tú iwájú awò. Ọ̀sán Jímọ̀ wọn kì í ṣí.