Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, ẹ má fowó yín fún àwọn tó ń ta àtùpà sólà nínú bọ́ọ̀sì yìí o!

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tẹ́ ẹ bá mọ̀ l'Ẹ̀pẹ́, ní Èjìrìn, ní Àgbọ̀wà, pàápàá àwọn èèyàn wa etí ọ̀sà tí iná NEPA ò dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn kan ń gbé bọ́ọ̀sì kiri, wọ́n á máa fi mẹ́gáfóònù pariwo pé àtùpà sólà ti dé, tó ń tàn fún wákàtí 24, tó ń ṣáájì fóònù, 18,000 péré. Ìtòsí ọjà Olúwo ni wọ́n máa ń dúró sí, ìgbà tí àwọn ìyá ẹlẹ́ja bá ti tajà tán tí owó wà lọ́wọ́ wọn. Irọ́ funfun báláú ni, àtùpà yẹn ò dáa rárá.

Iṣẹ́ kí n máa tún fóònù àti sólà ṣe ni mò ń ṣe, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀. Wọ́n ń kó àtùpà yìí wá bá mi lemọ́lemọ́, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: lọ́jọ́ tí wọ́n rà á ó tàn dáadáa, tó bá di ọjọ́ kejì ọjọ́ kẹta ó ti ń ṣe bàìbàì, kó tó tó ọ̀sẹ̀ méjì, kéèyàn jẹun alẹ́ tán ó ti kú. Mo bá tú u wò. 20,000mAh ni wọ́n kọ sí i lára (mAh ni wọ́n fi ń mọ bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó), bátìrì kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, irú èyí gígùn tó jọ ti tọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń pè ní 18650, èyí tó dáa jù nínú ẹ̀ tí à ń rí rà lọ́jà ò ju nǹkan bí 3,500 lọ, báwo wá ni ẹyọ kan ṣe fẹ́ di 20,000? Bátìrì gidi máa ń wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 45, èyí tí wọ́n fi síbẹ̀ ò wúwo tó ìdajì ẹ̀. Kí ẹni tó fẹ́ rà á má baà fura, wọ́n po sìmẹ́ǹtì, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìdí àtùpà náà. Inú bí mi gan-an nígbà tí mo rí i, torí owó tí wọ́n fi òógùn ojú wá ni wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn èèyàn yẹn.

Páńẹ́lì ẹ̀ ńkọ́? Kò tóbi ju ìwé táwọn ọmọ iléèwé fi ń kọ nótì lọ, wọ́n wá kọ 50W, ìyẹn wáàtì, bí iná tó ń mú wá ṣe pọ̀ tó, sí ẹ̀yìn ẹ̀. Páńẹ́lì tó dáa tó fẹ̀ tó mítà kan níbùú, tó sì gùn tó mítà kan lóròó, tí oòrùn ọ̀sán gangan bá pa á, nǹkan bí 200W ló máa mú wá. Èyí tí ò ju ìwé nótì lọ, 6W sí 7W náà ni. Ẹ ò nílò kẹ́ ẹ lọ iléèwé kankan kẹ́ ẹ tó mọ èyí, ojú lásán lẹ fi máa rí i.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé wọn ò fi bọ́ọ̀dù kékeré tó máa ń dá iná dúró nígbà tí bátìrì bá kún sínú ẹ̀. Bátìrì lítíọ̀mù tí ò ní nǹkan yẹn lè wú, ó lè gbóná, ó sì lè gbiná, ilé pákó sì ni ọ̀pọ̀ àwọn èèyàn wa etí omi ń gbé. Tí tiyín bá ti wú, ẹ má gún un o, ẹ má jù ú sínú iná tẹ́ ẹ fi ń yan ẹja, ẹ má jù ú sínú ọ̀sà. Ẹ gbé e síta níbi tí ọmọdé ò lè dé, lórí ilẹ̀ tàbí sìmẹ́ǹtì, kẹ́ ẹ wá gbé e fún ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀.

Wọ́n tún ní òmíràn. Wọ́n ń ta fọ́ọ̀mù 5,000, wọ́n ń gba orúkọ àti NIN, wọ́n ní ìjọba fẹ́ fi sólà ńlá tó máa gbé fáànù sílé kálukú. Àwọn ìyá kan tí wọ́n jọ ń yan ẹja kó owó àjọ wọn lé wọn lọ́wọ́. Nọ́ńbà tí wọ́n fún wọn ò wọlé mọ́ títí di bí mo ṣe ń kọ èyí. Ohun tó jẹ́ kí irọ́ yẹn wọ̀ wọ́n létí ni pé ètò ìjọba wà lóòótọ́: àjọ REA tó ń rí sí iná ìgbèríko wà, Báńkì Àgbáyé sì fọwọ́ sí mílíọ̀nù 750 dọ́là ní December 2023 fún ètò kan tí wọ́n ń pè ní DARES, sólà ló sì dá lé. Àmọ́ àwọn kọ́ńpìnnì tó ní orúkọ tó sì ní ọ́fíìsì ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn, iṣẹ́ tí wọ́n bá ṣe tó ṣeé fojú rí ni wọ́n sì fi ń gba owó ìrànwọ́. Ẹni tó bá ní ìjọba ló rán òun, ẹ ní kó dárúkọ kọ́ńpìnnì ẹ̀, kó júwe ọ́fíìsì ẹ̀, kẹ́ ẹ rán ọmọ lọ wo ibẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, ẹ ò gbọdọ̀ fún un ní NIN.

Mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni torí èyí sọ pé sólà ò dáa, torí ohun tí mo ń gbọ́ báyìí nìyẹn, wọ́n ní 419 ni gbogbo ẹ̀, wọ́n ti ń padà sídìí àtùpà kẹrosíìnì. Ẹ jọ̀ọ́! Kẹrosíìnì tí wọ́n bá ti da pẹtiróòlù mọ́ máa ń bú gbàmù, ọmọdé ń mu ún níbi tí wọ́n bá rọ ọ́ sínú ìgò, èéfín ẹ̀ ò sì dáa fún ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn tó sì ń tan jẹnẹrétọ̀ kékeré sínú ilé, èéfín tí ò ní òórùn tó wà nínú ẹ̀ ń pa odindi ìdílé lójú oorun. Sólà tó dáa ṣì sàn ju gbogbo ìyẹn lọ fún ẹni tí ò ní iná.

Torí náà, tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù ni kẹ́ ẹ ti rà á, ẹni tẹ́ ẹ lè padà lọ bá. Ẹ gba rìsíìtì tí orúkọ àti àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù wà lórí ẹ̀, kó sì kọ iye oṣù wáráńtì síbẹ̀. Ẹ bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kẹ́ ẹ sá a sóòrùn fún odindi ọjọ́ kan, kẹ́ ẹ tàn án lálẹ́ kẹ́ ẹ tó san owó tó kù, èyí tó dá ara ẹ̀ lójú máa gbà. Gílóòbù LED 1W pẹ̀lú bátìrì 2,000mAh gidi yẹ kó tàn tó wákàtí mẹ́fà, tó bá kú lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ dá a padà. Tẹ́ ẹ bá ní ọmọ tó mọ íntánẹ́ẹ̀tì lò, ẹ ní kó wo orúkọ àtùpà náà lórí VeraSol, àwọn ló ń ṣe àyẹ̀wò àwọn sólà kéékèèké báyìí, wọ́n gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ètò Lighting Global ti Báńkì Àgbáyé ní 2020. Kì í ṣe orúkọ ara páálí nìkan o, nọ́ńbà módẹ́ẹ̀lì gan-an ni kó wò, torí ẹnikẹ́ni lè tẹ orúkọ ńlá sára páálí. Kẹ́ ẹ sì ṣọ́ra fún èyí tí wọ́n ń tà ní tòkunbọ̀ tó jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń sanwó ẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí ẹni tó kọ́kọ́ gbà á ò bá tíì san tán, ó máa tì pa ni, kò ní tàn mọ́, kò sì sí ohun tí èmi oníṣẹ́ lè ṣe sí i.

Àwọn tó ti rà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, ẹ má sọ àtùpà, páálí tàbí pépà kankan tí wọ́n fún yín nù. Ẹ ya fọ́tò wọn. Tẹ́ ẹ bá rí bọ́ọ̀sì náà, ẹ ya nọ́ńbà ẹ̀, ẹ má bá wọn jà, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. A fẹ́ kó gbogbo ẹ̀rí jọ gbé lọ sọ́dọ̀ LASCOPA, àwọn ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ní kí wọ́n máa gbèjà ẹni tó ń ra nǹkan, FCCPC náà wà fún ti ìjọba àpapọ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀rí lọ́wọ́, kó kọ ọ́ sábẹ́ ibí kó sì sọ àdúgbò tó ti rà á, kó má kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀ síta o, màá fi inbox bá a sọ̀rọ̀.