Owó oṣooṣù àbí owó ọdún?
Ní 2000, Pets.com, ilé ìtajà ohun ọ̀sìn orí íntánẹ́ẹ̀tì l'Amẹ́ríkà, ta ìpín ìdókòwò fún aráàlú ní Fẹ́búárì. Ní Nòfẹ́ńbà, ó ti kógbá sílé. Kò yani lẹ́nu pé oníṣòwò ń fura sí iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ká ní ìyá kan l'Ọ́jà Ọba, Àkúrẹ́, fẹ́ kó ìwé àwọn tó jẹ ẹ́ ní gbèsè sórí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì ń gba: ₦5,000 lóṣù, tàbí ₦48,000 lọ́dún. Owó ọdún fi ₦12,000 dín. Ṣùgbọ́n bí ilé-iṣẹ́ náà bá kógbá sílé lẹ́yìn oṣù kẹrin, ₦20,000 péré ni olówó oṣooṣù ti san. Olówó ọdún ti san ₦28,000 jù ú lọ, ó sì ti wọgbó. Oṣooṣù ni kó mú, àfi pé bí káàdì ò bá gbé owó lọ́jọ́ ìsanwó, wọ́n lè ti àkáǹtì pa.

Èyíkéyìí tó bá mú, kó máa gba ìwé gbèsè náà wálẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní fáìlì CSV (àkọsílẹ̀ lásán tí àmì kọ́mà pín) lọ́jọ́ọjọ́ Ẹtì. Kó má kàn ṣí i gbàgà nínú Excel, ètò ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, o: òdo iwájú nọ́ńbà fóònù àwọn onígbèsè á pòórá, 0803 á di 803. Kó yan “Text” fún òpó (column) nọ́ńbà fóònù náà nígbà tó bá ń kó o wọlé.