LED pupa nínú iná ẹ̀yìn Mazda MX-5 àtijọ́: ohun tí mo rí sí i

Láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yìí ni mo ti ń lo LED, gílóòbù ìgbàlódé tí kò ní okùn nínú, nínú iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mi. Ti búréèkì, mi ò ní yọ ọ́. Ti tráfíkétọ̀, ó ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́.

Mazda MX-5 ọdún 1996 ni ọkọ̀ náà, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní Miata: ìjókòó méjì péré, òrùlé aláṣọ, iná iwájú tó ń yọ sókè bí ojú ọ̀pọ̀lọ́. Ọkọ̀ náà kéré, ó sì lọ sílẹ̀ gan-an. Lójú ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, tírélà tó bá wà lẹ́yìn yín kò ní rí nǹkan kan lára yín lálẹ́ ju iná ẹ̀yìn yẹn lọ. Ìdí tí mi ò fi lè fọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ gílóòbù nìyẹn.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ mọ èyí tí ẹ ń wá. Gílóòbù kan náà ló ń ṣe iná alẹ́ àti iná búréèkì: P21/5W ni wọ́n ń kọ sí i ní Yúróòpù, 1157 ni ti Amẹ́ríkà. Okùn tín-ín-rín méjì ló wà nínú P21/5W, wáàtì 5 fún alẹ́, wáàtì 21 fún búréèkì. Èékánná méjì wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan ga ju ìkejì lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi í sódì. Ti tráfíkétọ̀ àti ti rìfáàsì, 1156 ni, okùn kan péré, èékánná rẹ̀ sì dọ́gba. Onísípíà tó bá ní “ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀,” ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Inú búùtù lẹ ó ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Ẹ yọ ìbòrí tí wọ́n fi ike há mọ́ ẹ̀yìn ibẹ̀, ẹ yí sọ́kẹ́ẹ̀tì sápá òsì, á jáde. Ẹ ti gílóòbù wọlé díẹ̀, ẹ yí i, òun náà á jáde. Ṣùgbọ́n ẹ fi sípánà 10 tú orí nẹ́gátíìfù bátìrì ná. Ẹ má wá a lọ sí iwájú ọkọ̀ o, inú búùtù kan náà ló wà, lọ́wọ́ ọ̀tún.

Bátìrì yìí gan-an ló fa wàhálà. Èyí tó bá ọkọ̀ wá láti iléeṣẹ́ jẹ́ oríṣi tí wọ́n dí pa, rọ́bà kékeré kan sì ń gbé afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde sábẹ́ ọkọ̀. Ẹni tó lo ọkọ̀ náà ṣáájú mi ti fi bátìrì lásán sí i, kò sí rọ́bà kankan. Afẹ́fẹ́ ásíìdì ń fẹ́ sí wáyà iná ọ̀tún títí tí bàbà inú sọ́kẹ́ẹ̀tì fi hu àwọ̀ ewé. Bí mo bá tẹ búréèkì, tráfíkétọ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á máa ṣẹ́jú fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, gílóòbù ló kú,” ni mo sọ fún réwáyà tí mo gbé e lọ bá ní Mọ́lípa.

“Àbúrò, gílóòbù ò kú. Ilé ẹ̀ ló bàjẹ́.”

Ó ká sáńpépà wẹ́wẹ́, ó fi ha inú sọ́kẹ́ẹ̀tì títí bàbà fi pọ́n padà. Ó tú wáyà dúdú tí wọ́n dè mọ́ irin ara ọkọ̀, ó ha ìdí rẹ̀ títí irin fi ń dán, ó dè é padà, ó fi gíríìsì tín-ínrín pa á lójú. Ó dá gílóòbù àtijọ́ padà, ó ní kí n tẹ búréèkì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tó lóṣòó sẹ́yìn ọkọ̀ pariwo: “Ó tàn, ọ̀gá! Méjèèjì!” Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra LED torí pé iná yín ń ṣe bàìbàì, ẹ ṣe èyí ná.

LED tèmi wá kù. Pupa ni mo rà, kì í ṣe funfun. Ike pupa tó wà lójú iná kì í jẹ́ kí àwọ̀ mìíràn kọjá, nítorí náà èyí tó pọ̀ jù nínú iná funfun ibẹ̀ ló máa ń ṣòfò. Ohun tó wù mí jù ni bó ṣe yára. Gílóòbù lásán ń lo bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú-àáyá kó tó mọ́lẹ̀ dáadáa, LED, kíá. Ẹni tó ń sá kílómítà 100 ní wákàtí ti rìn ju mítà 5 lọ láàárín ìyẹn. Kì í sì í gbóná: lákòókò Ojúde Ọba, tí ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí búréèkì nínú sún kẹrẹ fà kẹrẹ, ike iná náà tutù nígbà tí mo fọwọ́ kàn án.

Àléébù rẹ̀ ni pé ìyàtọ̀ iná alẹ́ sí iná búréèkì kò tó ti gílóòbù lásán. Ó tó fún mi, àmọ́ bíńtín ló fi tó. Ẹ ní kí ẹnì kan dúró sẹ́yìn lálẹ́ kó wò ó kí ẹ tó gbà á.

Ti tráfíkétọ̀ ńkọ́? Kété tí mo tàn án ló bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ṣẹ́jú. Wọ́n ṣe fíláṣà ọkọ̀ àtijọ́, ohun tó ń mú kí tráfíkétọ̀ máa ṣẹ́jú, kó lè mọ̀ bí gílóòbù kan bá jó, kó sì máa sáré ṣẹ́jú kí awakọ̀ lè mọ̀. Iná tí LED ń fà kéré débi pé ó rò pé ọ̀kan ti jó. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ra rẹsísítọ̀ mọ́ ọn, ohun kékeré tó ń jẹ iná kí fíláṣà lè rò pé gílóòbù lásán ló wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n réwáyà rẹ́rìn-ín: “Ẹ fowó ra iná tí kì í jẹ iná, ẹ tún fẹ́ fowó ra ohun tó máa bá a jẹ ẹ́?” Nǹkan ọ̀hún sì máa ń gbóná débi tó fi lè yọ́ ike bí wọn ò bá dè é mọ́ irin. Mo dá 1156 padà, ó ń ṣẹ́jú bó ṣe yẹ.

Owó LED méjì náà ì bá ra gílóòbù lásán tó máa kún páálí. Ọ̀kan nínú àwọn iná wẹ́wẹ́ ara ti apá òsì sì ti kú báyìí; ìyókù ṣì ń tàn. Mo fi P21/5W méjì sínú búùtù, torí bí LED bá kú pátápátá lálẹ́ lọ́nà Ìjẹ̀bú-Igbó, mi ò mọ ṣọ́ọ̀bù tí màá ti rí òmíràn rà.