Cheddar: ẹ mú àlejò yín lọ wo ihò àpáta

Bí ẹ bá ń gbé ní Bristol tàbí ìtòsí ibẹ̀, tí àlejò dé bá yín láti ilé, tí ẹ ò fẹ́ kó jẹ́ inú ṣọ́ọ̀bù ni yóò ti lo gbogbo họlidé rẹ̀, ẹ mú un lọ sí Cheddar, abúlé kan ní Somerset tí àfonífojì àpáta àti ihò wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó wá láti Ṣágámù la mú lọ. Bíríkìlà ni wọ́n. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ni wọ́n fọwọ́ kan ògiri àpáta: “Òkúta sìmẹ́ǹtì rèé!” Wọn ò parọ́. Irú òkúta tí wọ́n ń gbẹ́ ní Ewékorò ló pọ̀ jù ní òkè Mendip yìí. Omi òjò ń yọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń di ihò nínú. Nígbà tí òtútù ayé àtijọ́ wá mú ilẹ̀ dì gbagidi, tí omi ò rí ihò wọ̀ mọ́, orí ilẹ̀ ló gbà, òun ló gé àfonífojì náà.

Ọ̀fẹ́ ni wíwo àfonífojì. Títì gba àárín rẹ̀, àpáta tó ga tó nǹkan bíi mítà 137 sì dúró lápá kan. Ẹ gbójú sókè, ẹ ó rí ewúrẹ́ tó ń rìn létí ọ̀gbun bí ẹni wà ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò yéé bèèrè ẹni tó ni wọ́n. Wọ́n ní kò sí ewúrẹ́ tí ò lólówó.

Ihò Gough gan-an ni kí ẹ tìtorí ẹ̀ ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú súẹ́tà dání, torí bí oòrùn ń ràn níta, inú ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi digiríì 11 lọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti hú egungun ọkùnrin kan jáde lọ́dún 1903, ó ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún tó ti kú. Egungun náà gan-an wà ní London, àwòṣe rẹ̀ lẹ máa rí. Lọ́dún 2018, àwọn tó yẹ DNA rẹ̀ wò ní ó jọ pé aláwọ̀ dúdú ni, ojú rẹ̀ sì jẹ́ búlúù. Ẹ̀gbọ́n wò mí: “Dúdú ti ń gbébí látọjọ́ yìí, pépà wo ni wọ́n tún ń bèèrè lọ́wọ́ yín?”

Ẹ ó rí ṣíìsì tí wọ́n tò jọ sínú ihò náà kó lè gbó. Ìyàwó mi ra díẹ̀, ó fẹ́ dín in bíi wàrà. Ó yọ́ dànù sínú epo.

Ihò Cox kéré, iná àti fídíò ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn ọmọdé ló máa gbádùn rẹ̀ jù. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ń pè ní Jacob's Ladder, tó gòkè lọ sórí àpáta, ìgbésẹ̀ 274 ló ní; ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, kó jókòó sísàlẹ̀ kó máa wo ewúrẹ́.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ẹ tètè lọ láàárọ̀ tó bá jẹ́ Sátidé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ mú owó páákì dání, ẹ sì di jọ̀ọ́fù yín lọ: níbi kan tí a ti ra ẹja àti ọ̀dùnkún dídín, ó ti tutù kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ata.