Ìkìlọ̀: Ẹ má fi mẹ́mórì kádì ayédèrú lọ ya ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ yín

Oṣù Kejìlá ń bọ̀, ó sì dá mi lójú pé ọ̀rẹ́ ti sọ fún ọ̀pọ̀ nínú yín pé, "Ìwọ lo máa bá wa ya fọ́tò o, owó ayàwòrán ò sí." Ẹ ti wá ń wá kámẹ́rà tòkunbọ̀ kiri lórí Instagram àti ní Computer Village, Ìkẹjà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan wà tó ń ta ẹrù ìgbéyàwó lápapọ̀: kámẹ́rà, lẹ́ǹsì, fúláàṣì àti kádì 128GB, gbogbo ẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Mi ò ní dárúkọ wọn. Orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lánàá kọ́ ni wọ́n ń jẹ́ lónìí, nọ́ńbà fóònù wọn náà kì í pẹ́ yí padà. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí ẹ mọ̀.

Kádì yẹn ló burú jù, bó tiẹ̀ jẹ́ pé òun ló kéré jù nínú ẹrù náà. Àbúrò kan gbé tiẹ̀ wá kí n bá a yẹ̀ ẹ́ wò. 128GB ni wọ́n kọ sára ẹ̀, 128GB náà ni kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà ń kà. Mo fi H2testw, ètò ọ̀fẹ́ kan fún Windows, kọ nǹkan kún un dé ẹnu, mo sì ní kó ka ohun tó kọ padà. Àyè tó wà nínú ẹ̀ gan-an kò ju 8GB lọ! Wọ́n ti kọ́ kádì náà ní irọ́ pípa. Tí ẹ bá ya fọ́tò kọjá ibi tí àyè ẹ̀ mọ, kò ní sọ pé òun ti kún. Á ṣáà máa gbà á, orúkọ fáìlì á máa jáde, ẹ̀yin náà á máa yà á lọ. Ó dalẹ́ kí ẹ tó mọ̀, nígbà tí ẹ bá ti kádì náà bọ kọ̀ǹpútà: ìdána wà, ìyàwó tó ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì wà, láti orí ẹ̀jẹ́ lọ, eérú lásán. Òmíràn tiẹ̀ máa ń kọ tuntun lé ti àárọ̀ lórí. Ta ló fẹ́ tún ìgbéyàwó yẹn ṣe?

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí kádì tí ẹ ò tíì dán wò wọ kámẹ́rà yín. Ẹ̀yin tó ń lo Mac tàbí Linux, ètò tó ń jẹ́ F3 ni tiyín. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ lóru, bí NEPA bá gbà. Lójú tèmi, 32GB méjì láti ọwọ́ ẹni tí ẹ mọ̀ sàn ju 128GB kan lọ.

Ọgbọ́n ẹ̀tàn wọn kejì wà lára kámẹ́rà fúnra ẹ̀. Tí ẹ bá béèrè iye ìgbà tí shutter (ìlẹ̀kùn kékeré inú kámẹ́rà tó ń ṣí nígbà tí ẹ bá ya fọ́tò) ti ṣí, kí ẹ lè mọ bí wọ́n ṣe lò ó tó, ọmọ ọjà á ya fọ́tò kan lójú yín, á wá nawọ́ sí orúkọ fáìlì ẹ̀: DSC_0412. "Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n, irinwó ó lé méjìlá péré, tuntun ni." Irọ́ ni o. Tí nọ́ńbà yẹn bá dé 9999, á padà sí 0001, ẹni tó bá sì fẹ́ lè tún un bẹ̀rẹ̀ fúnra ẹ̀. Nikon máa ń kọ iye tòótọ́ pamọ́ sínú fọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n fi fáìlì fọ́tò (JPEG) tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yà ránṣẹ́ bíi document lórí WhatsApp, torí tó bá wá bíi fọ́tò lásán, WhatsApp á ti yọ ìsọfúnni yẹn dànù. Ti Canon 6D, àfi kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Ṣíṣí 100,000 ni wọ́n ṣírò fún shutter 6D, 150,000 fún Nikon D750. Èyí tó ti sún mọ́ ọn ṣì lè ṣiṣẹ́, àmọ́ owó ẹ̀ gbọ́dọ̀ já wálẹ̀ dáadáa.

Tó bá jẹ́ Nikon D3200, D3400 tàbí D5300 lẹ rà, tí wọ́n sì fi lẹ́ǹsì 50mm f/1.8D sí i, ọwọ́ lẹ ó máa fi yí focus nígbà tí ìyàwó bá ń jó wọlé, torí kámẹ́rà wọ̀nyẹn ò ní mọ́tò tó máa yí i. Lẹ́ǹsì AF-S, tó ní mọ́tò tiẹ̀ nínú, ni kí ẹ béèrè. Àwọn òǹtajà yìí mọ̀ dáadáa. Kí ẹ tún tan iná fóònù sínú lẹ́ǹsì láti ẹ̀yìn: tí ẹ bá rí funfun tó ta gbòǹgbò, ó ti bu bíi búrẹ́dì, ẹ dá a padà fún wọn.

Ẹ ya nọ́ńbà serial sórí fóònù yín nígbà tí ẹ bá ń dán kámẹ́rà wò, kí ẹ sì fi wé èyí tó wà nínú páálí kí ẹ tó sanwó. Èyí tí wọ́n gbé wọ inú lọ́hùn-ún lọ dì kì í fìgbà gbogbo jẹ́ èyí tí ẹ yẹ̀ wò. Ẹni tó bá sì ní kí ẹ san ìdajì kí òun tó fi mọ́tò gbé e wá Ìbàdàn, ẹ kí i pé ó dàbọ̀. Bí owó ò bá tó, ẹ yá kámẹ́rà gidi lọ́wọ́ ayàwòrán kan fún ọjọ́ yẹn.

Bí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì, ẹ má pa ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ sọ lórí WhatsApp rẹ́, ẹ tọ́jú rìsíìtì àti àwòrán èsì H2testw, kí ẹ kó gbogbo ẹ̀ lọ bá FCCPC, àjọ tí òfin ọdún 2018 fún láṣẹ lórí ẹ̀tọ́ oníbàárà. Ẹ̀yin ará Èkó tún ní LASCOPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń dáàbò bo oníbàárà. Ẹ má sì ṣe format kádì náà, ẹ̀rí yín ló jẹ́.